Orúkọ Tí Yóò Rékọjá Odò

Bàbá Idwal ti ìka kan bọ ẹnu. Kò kánjú. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń lá oyin, ó yọ ọ́, ó nà án sókè. Ìka wíwọ́, èékánná dúdú, itọ́ ń dán lára rẹ̀. Ó di ojú kan, ó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó bá kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fìlà, ó fi há ajá rẹ̀ lẹ́nu, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu tirẹ̀, ó sì figbe ta lórí àpáta Tan-y-graig:

“Cai!”

Ajá náà ju fìlà sílẹ̀, ó wá jókòó síwájú rẹ̀.

“Ó ti bọ́,” ni Bàbá Idwal wí. “Orúkọ kúkurú, orúkọ ajá ni. Òmíràn!”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń yan orúkọ fún ọmọkùnrin ní àfonífojì wa, fún ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí Bàbá Idwal wà láyé. Òfin méjì péré. Èkíní, orúkọ náà gbọ́dọ̀ rékọjá odò dé òkè kejì, níbi tí Màmá Beti, ìyàwó rẹ̀, máa ń dúró sí lẹ́bàá ọgbà àgùntàn pẹ̀lú aṣọ ìnura funfun. Bó bá gbọ́, yóò gbé aṣọ náà sókè. Bí kò bá gbọ́, aṣọ á máa rọ̀ wálẹ̀. Èkejì, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dáhùn. “Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan,” bàbá á wí, “tí ọ̀kan bá sọnù, èkejì ló máa wálé wá jẹun rẹ̀.”

Ọmọ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọmọ Heledd, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ilé rẹ̀. Ogójì ọjọ́, kò sí orúkọ. Ìjọba kò sì fún òbí ju ọjọ́ méjìlélógójì lọ láti lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Nǹkan Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Gerwyn, bàbá ọmọ, èèyàn jẹ́jẹ́, ti ń gbádùn orúkọ náà.

Heledd gbé ọmọ dání nínú ìborùn, ìwé orúkọ lọ́wọ́ kejì.

“Bàbá Àgbà, ẹ pe Bedwyr.”

Ó pe Bedwyr. Ohùn náà dún bí ààrá. Lókè kejì, aṣọ funfun lọ sókè. Heledd bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Bedwyr tó ń pín lẹ́tà fi yọ láti ìsàlẹ̀, àpò lọ́rùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Padà.”

“Bàbá, àárín títì ni mo fi ọkọ̀ sí!”

“Heledd, ṣó o rí i? Orúkọ yẹn lẹ́sẹ̀ jù.”

Wọ́n pe Tegid. Tegid, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa, gun òkè wá pẹ̀lú àkàbà léjìká. Kò béèrè ohunkóhun. Ó ní ẹni tó bá mọ Idwal kì í jẹ́ ìpè rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Macsen. Gwern. Llŷr. Aṣọ ìnura kò mira. Nígbà tó fi di agogo mẹ́rin, ọkùnrin méjì, ajá kan àti àkàbà kan ni ìpè ti kó wá sórí àpáta, tí gbogbo wọn àfi àkàbà ń jẹ búrẹ́dì elésò tí Gerwyn gbé wá.

“Nǹkan Kékeré náà kò kúkú burú,” ni Gerwyn wí.

Heledd wò ó. Gerwyn tún mú búrẹ́dì.

Kò sẹ́ni tó lè bá Bàbá Idwal jiyàn. Pásítọ̀ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní orúkọ rere ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe orúkọ aláriwo. Bàbá ní, “Pásítọ̀, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pe Sámúẹ́lì, ọmọ náà sì sáré tọ Élì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Inú ilé kan náà sì ni wọ́n wà o, kò sí odò láàárín.” Pásítọ̀ bí ọmọkùnrin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Orí àpáta ló gbé orúkọ rẹ̀ wá.

Heledd ra fóònù fún bàbá nígbà tó ń gbé ìlú ńlá Cardiff. Bàbá so ó mọ́ àgbò lọ́rùn. Nígbà tí Heledd pè, tí fóònù dún, àgbò náà sá títí dé abúlé kejì. Bàbá mi orí. “Ẹ wò ó. Wọ́n pè é, ó ń lọ. Ṣé torí kí nǹkan lè lọ la ṣe ń pè é?”

Ìwé orúkọ wá ku ẹyọ kan.

“Kí ni?” ni bàbá bi í.

“Ithel.”

Bedwyr dẹ́kun jíjẹ. Tegid gbé àkàbà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo àfonífojì ló mọ̀. Àbúrò Idwal ni Ithel, ọmọ ọdún méje. Àwọn méjèèjì jọ ń da àgùntàn lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀. Idwal, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró lórí àpáta yìí, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Orúkọ rírọ̀, kò léyín. Kùrukùru gbé e mì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ọmọ náà létí odò. Kò lè dáhùn mọ́.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Inú Bíbélì ilé, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí gbogbo yín sí, ni mo ti rí i.”

“Kò ní rékọjá.”

“Ẹ pè é ná, Bàbá Àgbà.”

“Mo ní kò ní rékọjá! Mo ti pè é rí!”

Heledd kò jiyàn. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. “Bí kò bá rékọjá, èyí tó bá wù yín ni mo máa kọ sílẹ̀ lọ́tùn-únla. Kódà kó jẹ́ Nǹkan Kékeré.”

Lọ́tẹ̀ yìí kò ti ìka bọ ẹnu. Kò rí ọwọ́ ká ẹnu. Ọmọ wà níbẹ̀. Ó kàn pè é. Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, agbára káká la fi gbọ́.

Lódìkejì odò, aṣọ funfun lọ sókè. Kò sì wálẹ̀. Màmá Beti ń jù ú yí ká orí, bí ẹni ń pe ọkọ̀ ojú omi.

Bàbá Idwal jókòó sórí àpáta. “Ó rékọjá,” ó sọ fún ọmọ náà.

Ìgbà òtútù tó kọjá la sin Bàbá Idwal. Lẹ́yìn ìsìnkú, nídìí tíì, Bedwyr ní etí Màmá Beti mà mú o, ká gbọ́ orúkọ láti òkè dé òkè. Tegid ké e sí màmá létí. Màmá gbé ife kalẹ̀.

“Etí wo? Ọgbọ̀n ọdún rèé tí n kò ti gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn ìyá ọmọ ló máa ń fi ìwé orúkọ hàn mí ṣáájú. Bó ṣe tò nínú ìwé ló ń pè é. Mo kàn ń ka iye ìgbà tó fọwọ́ ká ẹnu. Èyí tó bá wù mí, màá gbé aṣọ sókè.”

“Ẹ̀yin lẹ wá sọ gbogbo ọmọ wa lórúkọ?”

“Àfi tìrẹ, Tegid. Eṣinṣin ni mò ń lé lọ́jọ́ yẹn.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Heledd ló súnmọ́ màmá. Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀. “Ṣé Bàbá Àgbà mọ̀?”

Màmá Beti ń yí ife lọ́wọ́. “Lọ́jọ́ Ithel, orúkọ kan ló kù, mo rí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé aṣọ. Nígbà tó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. ‘Beti, irọ́ lo pa.’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ‘O ṣé.’ Ó bọ́ bàtà, ó béèrè oúnjẹ.”

Ọmọ Heledd ti pé ọdún méje báyìí, etí rẹ̀ sì máa ń di gan-an bó bá ń ṣeré. Fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó pe Ithel ní Tan-y-graig. Ní báyìí, wọ́n ń pè é nígbà ogún kó tó wálé wá jẹun.