Ìrìnàjò Yìnyín tí A Kò Gbọdọ̀ Sọ fún Ẹnikẹ́ni

Ní ọdún tí mo jáde yunifásítì, ó rẹ gbogbo wa nínú ilé wa. Bàbá mi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Finglas, màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, èmi náà ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀, mò ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà títí ojú mi á fi máa ta mí. Iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin, olú ìlú Ireland, nígbà náà. Oorun ni kò pọ̀. Ní Adamstown tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí ife tíì wà, èyí tí àbúrò mi ń pè ní press bíi ti àwọn ará ibẹ̀, ni a ti máa ń pàdé ara wa, bí èrò tó pàdé ní gáréèjì.

Àbúrò mi obìnrin yìí, ẹ̀yìn ni màmá mi pọ̀n ọ́n sí wọ ìlú náà. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló fi ń dáhùn. Bàbá mi ti ṣèlérí fún un pé bó bá ka Kùránì dé ìdajì, òun á mú un lọ ṣe síkì: kí èèyàn so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kó máa yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó kà á dé ìdajì. Lọ́dún àkọ́kọ́, físà tí àwọn òbí wa fẹ́ fi wọ Austria kò jáde. Lọ́dún kejì, ìyá bàbá mi kú, ọlidé náà sì di ti ìsìnkú ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá ti ní òun máa ṣe nǹkan kan, àbúrò mi á kàn ní, “Grand, Dad,” bí ìgbà tí èèyàn bá ní ‘ó dáa bẹ́ẹ̀’. Kì í bínú. Ohùn náà tutù ju ìbínú lọ, mo sì máa ń rí i lójú bàbá mi pé ó ń wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, kò dájú pé ọmọ náà á tún gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún kẹta, físà jáde, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọlidé Àjíǹde nìkan ló kù, nígbà tí yìnyín ti ń yọ́ lórí àwọn òkè Austria. Obìnrin tó ń bá wa ṣètò ìrìnàjò náà ní òun á di àyè wa mú títí di ọjọ́ Ajé.

“Ìwọ tó kàwé,” ni bàbá mi wí, “bá wa wò ó bóyá yìnyín máa wà.”

Mo wò ó. Òtẹ́ẹ̀lì kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé yìnyín pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì wo ló máa kọ pé kò sí? Àwòrán òkè náà funfun, ṣùgbọ́n n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Obìnrin tó ń ṣètò ní kò séwu, ohùn rẹ̀ sì dùn jù fún mi láti gbà á gbọ́. Ẹni tí mo nílò ni ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀, tí kò sì ní nǹkan kan láti tà. Ní mọ́sálásí wa, àwọn dókítà wà, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wà. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè bi ẹnikẹ́ni, nítorí òfin màmá mi.

“Lẹ́ẹ̀kíní, gbogbo kíláàsì Kùránì ló gbọ́. Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀,” ni ó wí. “Lẹ́ẹ̀kejì, ẹyọ ẹnì kan péré ni mo sọ fún lórí fóònù. Ẹ tún rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di ìgbà tí a bá dé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.”

Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ló ń pa òfin yìí mọ́. Mo lè sọ fún un pé ọ́fíìsì ló ń fúnni ní físà, pé ìyá bàbá mi ti dàgbà gan-an kó tó kú. Ó rẹ̀ mí, n kò sọ ọ́. Ìyá mi ti wọ inú òfin náà jinlẹ̀. Nígbà tó lọ ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn ní Parnell Street, tí obìnrin Ìjẹ̀bú tó ni ṣọ́ọ̀bù bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní, “Fíríìsà wa ni. Ó ń tutù jù.”

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, ará àdúgbò wa kan, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, fi mọ́tò gbé wa láti mọ́sálásí, torí mọ́tò bàbá mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, pé òun lọ kí àbúrò òun. Bàbá mi jókòó síwájú, ó ń tòògbé. Èmi àti àbúrò mi wà lẹ́yìn. Àbúrò mi ki ohun ìgbọ́rin bọ etí.

Mo ń wo ojú ọkùnrin náà nínú díńgí mọ́tò. Ojú rẹ̀ dúdú ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, awọ imú rẹ̀ ń ṣí, ṣùgbọ́n yíká ẹyinjú rẹ̀ mọ́lẹ̀ roboto bí ẹni tó bọ́ awò ńlá tí àwọn tó ń ṣe síkì máa ń wọ̀ kúrò. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá béèrè, mo ti tú àṣírí wa. Bí n kò bá béèrè, ọjọ́ Ajé ń bọ̀.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni mo wí, “ṣé oòrùn mú ní London?”

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ títì. Bàbá mi la ojú, ó wò ó, ó tún un wò.

“Alhaji! London wo ló fún ọ ní ojú òwìwí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá mi lóhùn,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mi ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Austria la lọ. Síkì.”

“Òkè wo?”

Ó dárúkọ òkè náà. Tiwa gan-an ni.

“Ìyàwó tèmi náà ní ká má sọ,” ni bàbá mi wí. “Ibẹ̀ là ń lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Alhaji ní láti ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí ẹ̀rín tán, bàbá mi bi í léèrè yìnyín.

“Ẹrẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹrẹ̀ àti koríko. Ó kù díẹ̀ lókè pátápátá, níbi tí oòrùn ti pa mí lójú bí mo ṣe ń wòran, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ló ń yọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé, wọ́n ti tì í. Títí ẹ ó fi dé, ẹ̀fọ́ ló máa hù níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń wá, mo sì gbà á gbọ́ tán. Kò dùn mọ́ mi.

Nígbà tí a délé, bàbá mi jókòó sí ìdí tábìlì láì bọ́ kóòtù. Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó pa òṣé, kò sọ ti òfin rẹ̀. Mo to ọ̀rọ̀ nínú mi, mo sì sọ ọ́ jáde: kí a sún un síwájú, kí a lọ ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí yìnyín dájú. N kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Bàbá mi náà ti ń mi orí sí i.

Ó pe àbúrò mi. “Jókòó. Yìnyín ò sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí a dúró di ọdún tó ń bọ̀. Kí lo rí sí i?”

N kò tíì gbọ́ kí ó bi ọmọdé ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

“I heard him, Dad. The yoke wasn’t even on,” ni àbúrò mi wí, ó na ohun ìgbọ́rin náà sókè: yoke ló ń pè é, kò sì tàn án nínú mọ́tò, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí Alhaji wí. Lẹ́yìn náà ó fi Yorùbá tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́ kí ó má baà sí àṣìgbọ́: “Mi ò fẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹrẹ̀ yẹn.”

“Ẹrẹ̀?”

“Ẹ ṣáà ní a máa lọ.”

Bàbá mi bọ́ kóòtù rẹ̀. “Ó dáa. A máa lọ,” ni ó wí.

Mo dúró de “Grand, Dad.” Kò sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ bá màmá mi gbé ìkòkò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Alhaji wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé àpò ìdalẹ̀nù dúdú kan dání, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé pàǹtí ló fẹ́ dà nù. Kóòtù síkì ti òun àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Màmá mi gbà á, ó sì yára wo ọ̀tún wo òsì ojú títì.

“Ẹ bá wa kí ará London o,” ni ó wí.

Bàbá mi wọ èyí tó tóbi jù wò, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó gba òun. Ó jókòó sórí àga, oorun sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi dín iná hítà kù kí ooru má baà jí i.