Ìyàwó Tí Ó Sọ Bọ́tìnnì Lórúkọ

Nínú agbo ilé kan tí ó kọ̀yìn sí Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, obìnrin kan ń bẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kúbúrátù. Òwú ni ó fi ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí a bí ní àdúgbò náà tí kì í ṣe fìlà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé sáyé. Àrùn ojú kan tí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé ti gba ìríran rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò gba ìka rẹ̀, kò sì gba ẹnu rẹ̀.

Ẹnu Kúbúrátù kì í ṣe ẹnu lásán. Ó yẹ kí a rán ọmọ òde òní létí pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bí ó tilẹ̀ ṣe ìkókó tí a bí ní ọ̀sán ọjọ́ tí a gbé ìyàwó wọlé ní alẹ́, ọkọ ni ìkókó náà jẹ́ fún un. Ìyàwó yóò fara balẹ̀, yóò kíyè sí ìwà àti ìrìn ẹni kọ̀ọ̀kan, yóò sì fún un ní orúkọ tí ó bá a mu rẹ́gí. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀gá ni Kúbúrátù. Eyínfúnjowó ni ó sọ Àlhájà Asiyah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Akọ̀wé ni ó sọ Àkànjí, àbúrò ọkọ rẹ̀. Odi-Ilé-Wa ni ó sọ Baálé, ẹni tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé náà.

Àwọn orúkọ ojúde nìyẹn. Àwọn ìyàwó ilé nìkan ni ó mọ̀ pé orúkọ kejì ń bẹ, èyí tí a kì í pè kọjá ìdí ààrò. Nítorí pé bí Àlhájà Asiyah bá ti la ẹnu, ilẹ̀ a máa ṣú bá a lórí ọ̀rọ̀, Òjò-ò-dá ni wọ́n ń pè é ní ìdí ààrò. Àkànjí, tí ọrùn rẹ̀ kì í gbé ibì kan nígbà tí ènìyàn bá ń kọjá, ni Wowájú-wẹ̀yìn. Baálé, tí ó máa ń gbéra kúrò níbi ìpàdé nígbà tí ó bá wù ú láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, ni Dìde-má-wí.

Kúbúrátù bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Zulaikha, tí ó fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan, tí àwọn méjèèjì sì ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Zulaikha lóyún, ó fi táblẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ohùn kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà tí ń ka ojú rẹ̀ fún ẹni tí kò ríran. Ibi tí ìka bá bà ni ohùn náà yóò dárúkọ. Bí ìka bá wá kàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì wéréwéré, ohun tí a dárúkọ yóò ṣiṣẹ́. Ó ń pe Yorùbá bí àlejò tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí ó wí. Ohun ìgbọ́rọ̀ tí Kúbúrátù ń kì bọ etí ni ó fi ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí ń bá a gbọ́.

Ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń lò ó ni Rose, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Rose náà kò ríran. Ilé ẹ̀kọ́ ìhunṣọ ni àwọn méjèèjì ti pàdé nígbà èwe, ọ̀kan ọmọ Mùsùlùmí, ọ̀kan ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìyàtọ̀ yìí kò sì dí yẹ̀yẹ́ wọn lọ́wọ́ rí.

Nígbà tí ó yá, Zulaikha bí obìnrin. Ìdílé méjèèjì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé orí fídíò ni gbogbo wọn yóò ti pàdé ní ọjọ́ ìkómọ, àti pé Kúbúrátù ni yóò fún ọmọ náà ní oríkì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Àwẹ̀ró ni oríkì tí ó ní lọ́kàn, oríkì ìyá tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ní kí a jẹ́ kí afọ́jú jókòó sílé, ìyá náà ni ó fa Kúbúrátù lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò sì padà wálé títí wọ́n fi gbà á sí ilé ẹ̀kọ́. Kúbúrátù fẹ́ kí orúkọ ìyá rẹ̀ ti ẹnu òun gan-an bọ́ sí etí ọmọ náà.

Ó pe Rose lórí áàpù fídíò náà kí wọ́n lè dán an wò.

"Rose, bọ́tìnnì mẹ́ta ni mo bá nísàlẹ̀ níbí, gbogbo wọn ló ń jẹ́ Bọ́tìnnì. Ṣé ìbẹta ni wọ́n ni?"

"Ìbẹta pàápàá a máa gba orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ," ni Rose dáhùn. "Àwọn tó ṣe áàpù yìí ló bímọ tí wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti kọ̀wé sí wọn láti ọjọ́ Kérésìmesì. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ọdún Àjíǹde ti kọjá, wọn ò tíì dé."

"Èwo wá ni ti ohùn?"

"Tẹ̀ wọ́n wò."

Kúbúrátù tẹ ọ̀kan. Ìpè náà kú fin-ín. Nígbà tí Rose padà pè, ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé, "O lé mi jáde bí ajá tó jẹ ẹran ọdún!" Kúbúrátù tẹ òmíràn. Ebenezer, ọkọ Rose, tí ó ń jẹun nítòsí, kígbe pé, "Kúbúrátù, ilẹ̀ ilé yín ni mò ń wò báyìí o! Ó ti yíjú padà!" Ó tẹ ẹ̀kẹta. Rose ní, "Kúbú? Kúbú! O ti yadi." Ó tún un tẹ̀, ohùn rẹ̀ sì padà.

"Ó dáa," ni Rose wí. "Bí o bá di ìka mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́, yóò bi ọ́ ní orúkọ tí o fẹ́ kí òun máa pè é. Sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ."

"Orúkọ wo ni kí n sọ wọ́n?"

"Ìwọ ìyàwó ilé! Ta ni yóò kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?"

Ẹ̀rín mú Kúbúrátù. Èyí tí ń pa ìpè láìdágbére, ta ni ó tún lè jẹ́ bí kò ṣe Dìde-má-wí? Èyí tí ń yíjú, Wowájú-wẹ̀yìn ni. Èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ ń ya jáde bí àgbàrá, orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ràmọ́tà, ìyàwó Àkànjí, tí ó bá a jókòó, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kí ni ìbẹ̀rù? Etí ẹnì kan ṣoṣo ni ohùn náà ń wọ̀.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Baálé jókòó sórí àga, Àlhájà Asiyah wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì rọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àáfà Mashood, àbúrò bàbá ọkọ Zulaikha, ti ń darí ètò, ìyá ọkọ Zulaikha sì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n áàpù náà ní àrùn mìíràn tí ìdánwò ẹni méjì kò fi hàn. Bí èrò ti pọ̀ lórí ìpè náà, ó ti ohùn gbogbo ènìyàn pa fúnra rẹ̀, àfi ti ẹni tí ń darí ètò. Ohùn tí ń kàwé sì fi etí Kúbúrátù sílẹ̀, ó gba ẹnu táblẹ́ẹ̀tì bọ́ síta.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣàdúà tán, tí wọ́n sì sọ orúkọ, Àáfà ní, "Ó ku oríkì. Ìyá wa ní Ọ̀yọ́, ẹnu yín là ń wò o."

"Àwẹ̀ró!" ni Kúbúrátù ké.

"Ìyá wa, a rí ẹnu yín tó ń mì. A ò gbọ́ ohùn."

Ó na ìka sí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà pariwo fún gbogbo pálọ̀ pé: "Dìde-má-wí. Bọ́tìnnì."

Kúbúrátù fa ọwọ́ padà bí ẹni tí ó kan ìkòkò gbígbóná.

"Ta ló dìde?" ni Baálé bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó dìde, Bàbá," ni Ràmọ́tà dáhùn, ikọ́ sì gbé e.

Àkànjí na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, Ìyá Zulaikha. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ríran bá yín wò ó." Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ní, "Àwòrán." Ó tún tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, ó ní, "Àwòrán." Àkànjí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a ti kọ́ ní kíkà kì í gbọ́ títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. "Ohun yìí kàn ń dá mi lóhùn ni, kò ṣe ohun tí mo wí!"

"Nù ún!" ni Àlhájà Asiyah bẹ̀rẹ̀. "Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́kà, mo nù ún ni. Tàbí kí o gbọ̀n ọ́n. Má gbọ̀n ọ́n jù. Ẹ ṣí fèrèsé, bóyá ooru ni. Mo sọ fún wọn nígbà yẹn pé..."

Ohùn Àáfà là á já: "A kò ní dá ọmọ dúró. Bí ti Ọ̀yọ́ kò bá ṣeé ṣe, ìyá bàbá ọmọ ń bẹ níbí, kí wọ́n bá wa fún un ní oríkì kan." Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tún gèlè ṣe, tí ó sì wúkọ́ díẹ̀.

Kúbúrátù rò ó wò. Bí ó bá fọwọ́ kan àwọn bọ́tìnnì náà, ọ̀rọ̀ ìdí ààrò yóò di ti ojúde. Bí kò bá sì fọwọ́ kàn wọ́n, oríkì ìyá rẹ̀ yóò kú sí i lẹ́nu. Ó rántí ọwọ́ ìyá náà nínú ọwọ́ rẹ̀, nínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ dá a padà fún mi," ni ó wí.

"Dìde-má-wí. Bọ́tìnnì." Baálé gbé ojú sókè.

"Wowájú-wẹ̀yìn. Bọ́tìnnì." Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni Àkànjí ń yí ọrùn láti wo ẹni tí ó ń wọlé. Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ràmọ́tà, gbogbo ìyàwó ẹnu ọ̀nà gbè é, bẹ́ẹ̀ ni Àkànjí ṣe mọ ẹni tí ó ni orúkọ.

"Òjò-ò-dá. Bọ́tìnnì."

Àlhájà Asiyah ti la ẹnu láti parí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà. Ẹnu náà dúró ní líla. Òjò dá ní agbo ilé náà.

"Kúbúrátù," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ta ni Òjò-ò-dá?"

Kúbúrátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú táblẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. "Eyínfúnjowó mi, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni bọ́tìnnì tí ń ṣí ohùn. Bí n kò bá tẹ̀ yín, ìyàwó yín yóò yadi lónìí."

Àlhájà wo ìyàwó tí ó kúnlẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó rí i pé àna wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé àgbọ̀n sókè láti sọ̀rọ̀.

"Kí lo wá ń dúró dè?" ni ó jágbe. "Tẹ̀ mí! Tẹ̀ mí kíá, obìnrin yìí ti fẹ́ la ẹnu!"

Kúbúrátù kàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì.

"Àwẹ̀ró!" Ohùn rẹ̀ dún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Àwẹ̀ró ni oríkì ọmọ mi! Ẹni tí a wẹ̀, tí a sì ró láṣọ."

"Àwẹ̀ró!" ni Àáfà gbà. "A ti gbọ́ o! Ọlọ́run yóò dá Àwẹ̀ró sí." Ọmọ náà, tí ó dé fìlà ìyá ìyá rẹ̀, sín. Zulaikha ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Bí ohùn ti ṣí báyìí, Àlhájà Asiyah gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn àna. Ó kí wọn títí, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà, ó parí rẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ebi ń pa gbogbo ilé.

Ní ìgbẹ̀yìn, Baálé fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Kúbúrátù, ibo ni èmi wà nínú nǹkan yẹn?"

"Ìsàlẹ̀, lápá òsì, Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń pa ìpè. Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Tẹ̀ mí, jàre, kí á lọ jẹun."

Nígbà tí èrò ti lọ, Mìkáílù, ọkọ Kúbúrátù, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti àárọ̀, jókòó tì í. "Ìyá Zulaikha, gbogbo ilé ló ní bọ́tìnnì. Èmi ńkọ́?"

Kúbúrátù mú ìka ọkọ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ táblẹ́ẹ̀tì, níbi tí bọ́tìnnì kékeré tí a fi ń tan ẹ̀rọ ti yọrí díẹ̀. "Ẹ̀yin nìyí, Bàbá Zulaikha. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀ láràárọ̀. Ọwọ́ mi ti mọ ibi tí ẹ wà, kò dìgbà tí ohùn kan bá pè yín fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Mìkáílù tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí gbé ìka rẹ̀ kúrò, títí ẹ̀rọ náà fi kú pátápátá.

"Háà! Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"Rárá o," ni Kúbúrátù wí. "Ẹ tún ara yín tẹ̀."