Ẹ̀rọ Géèmù Tó Mọ Ẹni Tí Kò Fọ Abọ́

Mo-ti-gbọ́ ni àwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe nísàlẹ̀ ilé wa, nítorí kò sí ohun tí wọ́n bi í tí kò ní sọ pé òun ti gbọ́. Nígbà tí ìròyìn kàn pé ẹ̀rọ géèmù tuntun kan ń bọ̀ lọ́nà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í bí yóò ṣe rí. Àwòrán kan ṣoṣo ló rí lórí fóònù, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbà kó sọ pé òun ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù, tó ti bàjẹ́, wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló wà nínú tuntun yìí gan-an?"

Mo-ti-gbọ́ wọ̀tún wòsì. "Ó lójú o. Bí o ò bá tíì fọ abọ́ tí o fi jẹun, kò ní tàn."

Tíṣà ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e ká gbogbo àdúgbò. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́fà ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé. Ìyàwó Mo-ti-gbọ́ fúnra rẹ̀ ló wà níwájú.

Ọkọ rẹ̀ rọra sọ sí i létí pé, "Ìyá àwọn ọmọ mi, irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀," ìyàwó fèsì, ó sì kọjú sáwọn tó kù. "Ọkọ mi ní òótọ́ ni! Ilé tiwa gan-an la ó ti kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní òun fẹ́ tètè fi abọ́ fífọ̀ kọ́ra láti alẹ́ òní."

Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́.