Abọ́ Ìyá Wa Lára Ògiri Gbọ̀ngán

Hámà tí mo fi ń fọ́ táìsì ni mo fi lu ọwọ́ àbúrò mi. Mi ò ní fọ̀rọ̀ bò ó. Mo lù ú, mo sì tún gbé hámà náà sókè láti lù ú lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó dì mí mú.

Iṣẹ́ gbọ̀ngán àdúgbò wa ní Atikori ló dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ká fi àfọ́kù àwo ṣe igi obì ńlá kan sára ògiri iwájú. Ilé kọ̀ọ̀kan máa mú àwo kan wá, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn fọ́ ọ níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní Àgọ́-Ìwòyè ló fi ṣọ́ọ̀kì ya igi náà. Èmi onítáìsì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá iṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdọ̀tí ni wọ́n kó wá bá mi. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ru àfọ́kù ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá! Inú bí mi burúkú. Mo ta àfọ́kù náà nípàá, mo sì di ọrùn aṣọ ọkùnrin náà mú. Mo pariwo mọ́ gbogbo wọn pé, “Ṣé ààtàn là ń kọ́ ni? Àwo tí kò bá ní dùn yín tó bá fọ́, ẹ má gbé e wá! Èyí tí ẹ ò bá lè sunkún lé lórí, mi ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri!” Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó gbọ́.

Télọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ sọ́rùn agbádá, àwọn èèyàn sì ń ti Òkè-Sopẹn wá bá a. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lórí àkàbà, mò ń lẹ ewé igi, nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan fọ́ lábẹ́ àpò ìrẹsì. Mo bojú wolẹ̀. Àbúrò mi ló kúnlẹ̀, tó di hámà mi mú. Ó ká àpò kúrò. Àúsùbílà! Abọ́ elétí wúrà tí ìyá wa gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tó fi ń bu oúnjẹ ìṣínu fún wa títí tó fi kú! Kọ́bọ́ọ̀dù mi ló ti lọ gbé e láì bi mí.

Mi ò mọ bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀. Mo gbá a létí, mo fẹsẹ̀ tì í ṣubú, mo já hámà gbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ṣì ń ṣa àfọ́kù náà jọ. Ibẹ̀ ni mo lù. Mo gbọ́ tí eegun dún. Ẹ̀jẹ̀ bo etí wúrà náà.

Ó ké, “Yéè! Bọ̀ọ̀dá! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní èyí tó máa dun èèyàn ni kéèyàn mú wá!”

Ìka méjì ò ká mọ́ títí dòní. Kò fẹjọ́ mi sùn, kò sì bú mi. Ì bá kúkú lù mí! Èmi ni mo fọ àfọ́kù abọ́ náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí igi. Àwọn èèyàn máa ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Èmi kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, màá sì gún wọn mọ́ àkísà fún un, torí ọwọ́ òsì ló fi ń rán nǹkan báyìí. A kì í sọ̀rọ̀. Lánàá ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé.” Mo jáde síta, mo sì sunkún bí ọmọdé.