Ohun Tó Gbé Àna Mi Wá láti Ọ̀rà

Oṣù kejì tí a sin ọmọ mi obìnrin ni èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ jáde. Ó mú gbogbo rẹ̀ àfi Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ojú sì ti ọmọ náà ju bó ti yẹ lọ. N kò bá a wí. Ẹni tó ń ṣèdánwò nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kí ni wọ́n fẹ́ kó kọ?

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìlá ló ń gbé. Ọmọ Ọ̀rà ni bàbá rẹ̀, ó ti kú kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà níbí ló fẹ́ wọ̀, wọn kò sì ní gbà á láìsí Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn èèyàn ṣì ń wá bá mi kẹ́dùn nígbà náà. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo mọ orúkọ ìyá tó bí wọn, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Orúkọ pípè ti sú mi. Lára wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ kòkó, tó wá láti Ọ̀rà. Ó jókòó pẹ́. Ó béèrè ẹni tó ń pọnmi fún mi. Ó béèrè bóyá mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi déédéé. Ó lọ wo okùn kànga, ó ní ó ti fẹ́ẹ́ já. Ó gbójú sókè wo ibi tí òjò ti ń jò ní àjà. Mò ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀, nítorí àlejò ilé wa kì í sọ ohun tó gbé e wá lórí ìjókòó. Ìgbà tó bá ti dìde, tó ti wọ bàtà, tó ti di ilẹ̀kùn mú, ìgbà náà lọ̀rọ̀ ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe.

“Ẹn-ẹ́n, Ìyá, mo tilẹ̀ fẹ́ sọ fún yín. Bí ọmọ yìí kò bá mú Gẹ̀ẹ́sì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kó kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀rà. Ìyàwó mi á kọ́ ọ ní aṣọ rírán.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ó lọ. Mo padà wọlé, mo sọ fún ara mi pé ọmọ ló wá gbà. Ẹnìkan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi nínú ilé nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti di iṣẹ́ tèmi náà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, a kì í sì í fi ìwé mẹ́rin kọ́ ẹni tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí a ń ṣe ni pé bí a bá ń bó obì lọ́sàn-án, yóò ka àyọkà kan, yóò sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, yóò wá ka ìbéèrè. Èyí tó ń dà á láàmú jù ni èyí tí wọ́n bá ti béèrè olórí ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ àyọkà náà. Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó mú ọ̀kan.

“Mama, gbogbo wọn ló jọ òótọ́.”

“Kí ló sọ kẹ́yìn?”

“Ta ni?”

“Ẹni tó kọ ọ́ náà. Kí ló sọ nígbà tó ń dìde?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mama, kò dìde o. Ìwé ni.”

“Èèyàn ló kọ ọ́, àbí ewúrẹ́? Ka ìparí rẹ̀ fún mi.”

Ó kà á. Oyin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé wọn, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wá òdòdó kiri. Gbólóhùn ìparí ní kí ẹni tí oyin bá ta má ṣe họ ojú ibẹ̀.

“Ó tán,” ni mo wí. “Ìkìlọ̀ ni. Gbogbo èyí tó ń rò tẹ́lẹ̀, ó ń kí wa ni.”

Ó fàmì sí ìkìlọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé mo ti ríṣẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní ìdánwò níbi tó ti ń gba lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Irú ìbéèrè yẹn mẹ́wàá ni wọ́n bi wọ́n. Méjì ló gbà. Nínú èyí tó pàdánù ni ti ọkùnrin kan tó fi àyọkà odindi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣí ọjà ìlú òun nípò, tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba ní ìparí. Ọmọ mi ní torí ọpẹ́ ló ṣe kọ ọ́. Ó gbé bébà náà fún mi, ó ní, “Ó jọ pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.” Kò dá mi lẹ́bi rárá.

Ní ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ síbi lẹ́sìn náà. Bí mo ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, “Mama, ṣé ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ni?”

“Bí mo bá forúkọ sílẹ̀,” ni mo dá a lóhùn, “ìwọ lo máa ṣe ìkẹyìn.” Wọ́n pariwo lé e lórí.

Mo sọ fún olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan, pé kó má bá ọmọ mi wí, èmi ni mo ní kó máa wo ìparí. Ó béèrè ìdí. Mo ṣàlàyé àlejò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún.

“Bàbá tèmi náà nìyẹn, Mama. Ìgbà tó bá ti gun ọ̀kadà tán ló máa ń rántí ohun tó bá wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ìwé yìí kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ yọ má-họ-ọ́ yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ oyin. Ṣé ó ṣì dúró?”

“Ó dúró.”

“Ẹ wá yọ bí oyin ṣe ń ṣiṣẹ́ kúrò.”

“Kò ku nǹkan kan.”

“Èyí tí ẹ bá yọ tí gbogbo rẹ̀ wó, torí rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́.”

Lórí ọ̀kadà ni mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kúrò nínú ìbẹ̀wò àna mi. Ó ku omi, ó ku oògùn, ó ku okùn kànga, ó ku àjà tó ń jò. Mo wá yọ ara mi kúrò. Gbogbo rẹ̀ wó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀rà. Mo bá a níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sóòrùn.

“Ìyá! Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí. N kò ní jókòó kí n tó sọ ọ́. Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà yín nítorí mi?”

Ó yí kòkó náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. “Ta ló ń gba ọmọ? Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé yẹn pẹ̀lú ọmọdé. Bí òòyì bá kọ́ yín lẹ́bàá kànga tó sì wà ní lẹ́sìn, ta ló máa gbọ́? Mo rò pé bó bá wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé e wá.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

“Kí n dúró níwájú ìyá ìyàwó àbúrò mi, kí n ní ó ti darúgbó? Ta ló tọ́ mi?”

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé, “Mo ní kó sọ ọ́ tààrà! Ó ní aṣọ rírán lòun á fi wé e. Èmi tí máṣíìnì mi ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá!”

A fi ẹnu kò. Bó mú Gẹ̀ẹ́sì, bí kò mú un, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà yóò wà. Èmi náà yóò máa pe àna mi lórí fóònù lówurọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ọmọ náà, ó ní, “Bí mo bá fìdí rẹmi, n kò ní lọ sí Ọ̀rà?” Mo ní kò ní lọ. Ó jẹun lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán.

Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó mú un. Kì í ṣe èyí tí a lè fi yangàn, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á. Ó ní òun ń fẹ́ ibi tí òun yóò ti máa kàwé. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo, ti ìyá rẹ̀, láti ọjọ́ ìsìnkú ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti wà ní ìdí aṣọ mi. Mo ṣí i fún un. A kó àwọn aṣọ jáde, a gbálẹ̀. Ìwé ìyá rẹ̀ ni n kò jẹ́ kó kó.

“Mama, ṣé kí n sún tábìlì sọ́dọ̀ fèrèsé?”

Mo ní kó sún un. Ó wúwo jù fún un, mo bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú.