Omi Tí Màmá Bù fún Àlìkámà

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń jẹun ni kó máa fi òùngbẹ jẹ àlìkámà níyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ gidi ni. Nínú ilé onígíláàsì kan, ó gbìn ín sínú àwọn páìpù tó ga dé àyà ènìyàn, ó sì ti ẹ̀rọ omi pa. Ó fẹ́ mọ irú àlìkámà tí gbòǹgbò rẹ̀ máa wá omi lọ sísàlẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ òkè bá gbẹ, torí irú ẹ̀ ni àgbẹ̀ lè gbìn lọ́dún ọ̀dá. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mò ń bá a fọ gbòǹgbò. Màmá wa máa ń jókòó tì wá níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè dúró tì wọ́n nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá wa ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ki ìka bọ páìpù àkọ́kọ́. Iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ tutù, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbẹ. Ọ̀gá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá fi lè bàjẹ́, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ.

“Ta ló bomi sí i?”

Màmá gbé kọ́ọ̀pù wọn sókè. “Èmi ni. Láti ìjẹta ni mo ti ń bu díẹ̀díẹ̀ fún wọn. Ewé wọn ti ká kò. Ṣé kí n máa wò wọ́n títí wọ́n á fi kú ni, nígbà tómi wà?”

“Yéè! Màmá, ẹ ti pa mí!”

Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í gbóhùn sókè sí wọn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

Ọ̀gá wọlé. Ó la páìpù àkọ́kọ́. Lókè pátápátá, gbòǹgbò tuntun ti yọ, funfun, wẹ́wẹ́. Ojú ẹ̀ yí padà.

“Èyí mu omi.”

“Èmi ni mo bomi sí i, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Irọ́ ló ń pa!” Màmá ti dìde. “Ọmọ mi ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Èmi ìyá ẹ̀ ni.”

“Gbogbo ẹ̀ lẹ bomi sí, Màmá?”

“Níbo? Pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí yìí? Ti ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo lè dé.”

Ọ̀gá lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó la òmíràn. Èmi ò kọ́kọ́ lè wò ó. Iyẹ̀pẹ̀ gbẹ háúháú. Gbòǹgbò ń lọ, ó ń lọ, ó kan ìdí páìpù, ó sì ká jọ síbẹ̀.

“Ẹ kó ti ẹnu ọ̀nà dànù,” ni ọ̀gá wí. “Èyí tó kù tó wa. Iṣẹ́ ń lọ.”

Nígbà tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi fa páìpù kan lẹ́nu ọ̀nà wá síwájú Màmá, ó bu omi kún kọ́ọ̀pù wọn. “Tiyín nìyí. Ẹ máa fún un lómi bó ṣe wù yín. Ẹ má bínú sí mi.”

Màmá ti kọ́ọ̀pù náà padà sí i lọ́wọ́.

“Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu. Àtàárọ̀ lo ò tíì fi nǹkan kan ẹnu.”