Ọwọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Mọ̀

Sẹ̀gilọlá kì í ṣe òjòwú tẹ́lẹ̀. Epo pupa ló ń tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ́níyì ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àgbẹ̀ kọjá dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú, àwọn àti iṣu àti ẹ̀gẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rí nínú ilé wọn ní Òkè-Ìlá, àfi ìgbà tí Ọmọ́níyì ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sídìí ọkọ̀ náà.

Ẹ́ńjìnnì yìí á ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan án. Tó bá dé àárín omi, á wúkọ́, á kú. Ọmọ́níyì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó da epo nù bóyá omi ti wọ̀ ọ́, kò yí padà. Ló bá lọ pe Pẹ̀lúmi, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀. Bí Pẹ̀lúmi bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ẹ́ńjìnnì ò ní kú mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó tún di kí wọ́n máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sétí omi.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn ò lẹ́gbẹ́," Ọmọ́níyì wí bí wọ́n ti ń jẹun.

Sẹ̀gilọlá dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń se ọbẹ̀ fún ọkùnrin yìí, kò gbọ́ ọ rí kó yin ọwọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i: ẹ̀wù tuntun ló máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí Pẹ̀lúmi bá ń bọ̀. Ẹ̀wù tuntun, sídìí ẹ́ńjìnnì!

Lọ́jọ́ kan, kò lọ sọ́jà. Ó ní òun fẹ́ bá ọkọ òun dé ibi iṣẹ́.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Ìyá Pamílẹ́rìn?"

"Ṣé ó ti di èèwọ̀ ni?"

Ọmọ́níyì rọ epo sí tánkì, ó dé e pa, wọ́n gbéra, àwọn àti ìyá àgbà kan tó ń lọ sóko. Láàárín omi, ẹ́ńjìnnì kú. Kíá, Ọmọ́níyì ti fa fóònù yọ.

"Ta lo fẹ́ pè?"

"Pẹ̀lúmi ni."

"Ṣé yóò fẹsẹ̀ rìn wá lórí omi ni?"

Ìyá àgbà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá ò fẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ mọ́, ló bá wo ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ tánkì oníke náà ti wọnú bí ikùn ẹni tébi ń pa. Ó mọ nǹkan yìí. Téèyàn ò bá lu ihò sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì epo pupa kí atẹ́gùn wọlé, epo inú rẹ̀ kì í jáde dáadáa. Ó tú ìdérí tánkì. Atẹ́gùn wọlé, fíì! Ẹ̀gbẹ́ tánkì náà padà sípò.

"Fà á wò."

Ọmọ́níyì fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

"Pẹ̀lúmi ńkọ́, kí ló máa ń ṣe sí i gan-an?"

"Ó máa ń ṣí tánkì wò bóyá epo wà níbẹ̀ ni. Tó bá dé e padà, kì í dí ihò kékeré orí ìdérí yìí. Èmi ni mo máa ń dí i láàárọ̀, kí epo má baà ta sórí ẹrù oníẹrù." Ẹnu yà á. "Àṣé èmi ni mo ń pa á! Jẹ́ kí n pe Pẹ̀lúmi, kí n sọ fún un."

"Gbé fóònù wá." Sẹ̀gilọlá gbà á. "Pẹ̀lúmi, ìyàwó Ọmọ́níyì nìyí. Ẹ́ńjìnnì wa ti dára. Má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, mà!" Pẹ̀lúmi pariwo. "Àfẹ́sọ́nà mi ti ń bá mi jà. Ó ní kí n mú ọ̀kan, òun àbí ẹ́ńjìnnì Bọ̀ọ̀dá Ọmọ́níyì."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sẹ̀gilọlá, ó gbé e mì. "Ìgbà wo ni ìgbéyàwó?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, mà."

"Ó jìnnà jù," ló wí, ó sì pa fóònù.

"Kí ló sọ?" Ọmọ́níyì bèèrè.

"Ó ní ká kú iṣẹ́."

Àyè wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Sẹ̀gilọlá jókòó sí, ó fara ti ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.